Found footage: ẹ̀rín ni wọ́n ń rín níbi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wọ́n

ỌmọLágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fíìmù kékeré kan la ń múra rẹ̀ níbí, ìṣẹ́jú 25, irú èyí tí wọ́n ń pè ní found footage: wọ́n rí fóònù kan he, ohun tó wà nínú fóònù yẹn nìkan ni òǹwòran máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló gba ilé àtijọ́ kan lọ́nà Oǹdó, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ìyá àgbà kan tó ti kú ṣì ń gbé ibẹ̀.

Fóònù Android méjì la ní, iná sájì kan, àti máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ẹ̀wù. Nínú ìran tí a kọ́kọ́ yà láti fi dán an wò, a wọ aṣọ funfun fún ìyá náà, a kun ún ní àtíkè, ó fò yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a sì gbé orin tó ń bú sábẹ́ rẹ̀. A fi REC pupa, àmì pé kámẹ́rà ń gbà á sílẹ̀, sí igun, a sì fi ìlà rẹ́súrẹ̀sù sójú àwòrán. Gbogbo ẹni tó wò ó ló rẹ́rìn-ín. Kí ló yẹ ká yọ, kí ló yẹ ká fi kún un? Kò sí owó kámẹ́rà tuntun o.

Kámẹ́ràÌjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ ò nílò kámẹ́rà tuntun. Ìtàn fóònù lẹ̀ ń sọ, fóònù ni kí ẹ fi yà á.

Ẹ kọ́kọ́ pa REC yẹn rẹ́. Àmì pupa, àmì bátìrì àti aago tó ń sáré, ẹni tó ń ya fídíò ló ń rí wọn lójú fóònù; wọn kì í wọ inú fáìlì. Ẹni tó bá ti fi fóònù ya ìkómọ tàbí ìgbéyàwó rí ti mọ èyí, bí kò tilẹ̀ lè fẹnu ṣàlàyé rẹ̀, ojú rẹ̀ ti sọ fún un pé irọ́ ni. Fídíò CCTV la ti ń rí ọjọ́ àti àkókò lójú àwòrán. Ìlà rẹ́súrẹ̀sù náà, ti kásẹ́ẹ̀tì ayé ọjọ́un ni. Bí fóònù bá ń ṣe ségesège, àwòrán á dì síbì kan, ohùn á sì máa bá tirẹ̀ lọ, tàbí kí àwòrán fọ́ sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́. Tí ìtàn bá sọ pé wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyẹn nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó bàjẹ́: ẹ gbé e jáde ní 480p, ìyẹn àwòrán tí kò mọ́ tó, kí bitrate rẹ̀ (iye dátà tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) má ju 600 kbps lọ. Kí ìyókù mọ́ rekete.

Dípò REC, ẹ lo orúkọ fáìlì. Ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń sọ fídíò lórúkọ bíi VID_20240914_231207, ìyẹn ni pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n yà á, aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ kọ ọ́ sójú dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ìran kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta bá fò láàárín fáìlì méjì tí ẹnì kankan ò sọ ìdí rẹ̀, òǹwòran á fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ro ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ oòrùn o. Nílẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà, láàárín aago mẹ́fà kọjá sí nǹkan bí aago méje ló ń wọ̀ yíká ọdún. Tí fáìlì yín bá sọ pé aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tó ń pa irú fíìmù yìí ni pé kí ló dé tí ẹni yìí ò ju fóònù sílẹ̀ kó sá. Kí ìṣẹ́jú kẹfà tó pé, kí ẹ ti dáhùn rẹ̀, kó má sì jẹ́ pé ẹnu ni ẹ fi sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, iná ni ìdáhùn tó rọrùn jù: NEPA ti mú iná lọ, iná sájì kú lójú gbogbo wa, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló kù. Ẹni tó bá sọ fóònù sílẹ̀, inú òkùnkùn ló wà. Ọ̀pọ̀ fóònù ló sì máa ń kọ̀ láti tan tọ́ọ̀ṣì nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ jù, nítorí náà kí òṣèré kan ṣáà sọ pé "Bátìrì mi ti ku mẹ́wàá o" ju gbogbo orin yẹn lọ.

Iná yẹn náà lẹ máa fi dẹ́rù bani. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kì í rìn jìnnà. Ohun tó wà ní mítà mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń gbà nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ba ohun tó wà ní mítà méjì. Tó bá di mítà mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Aṣọ funfun àti àtíkè ń dá gbogbo rẹ̀ padà sójú kámẹ́rà, òṣèré tó kun àtíkè ni wọ́n rí, ìdí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹ wọ àǹkárá tó ti ṣá fún ìyá náà, ẹ gbé e sí mítà mẹ́fà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kó kọjú sógiri, kó má mira rárá.

Ẹ wá jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ ṣe ìyókù. Ẹ má ti exposure pa, ìyẹn bí fóònù ṣe ń fúnra rẹ̀ ṣètò ìmọ́lẹ̀ àwòrán. Kí tọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ wà lójú ògiri funfun ní nǹkan bíi mítà kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta; fóònù á rò pé ibẹ̀ mọ́ jù, á din ìmọ́lẹ̀ kù. Kí ẹni tó mú un wá yí i sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú àwòrán á ṣókùnkùn, fóònù á máa wá ìmọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyá náà á sì máa hàn díẹ̀díẹ̀. Kò fò, kò rìn, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tún yí fóònù kúrò bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Òǹwòran nìkan ló mọ ohun tó rí.

Ìyókù ò le. Ẹ pa stabilisation inú fóònù, èyí tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n, ó ń mú kí àwòrán máa léfòó bí ẹni pé ẹ̀rọ ńlá ló gbé e. Ẹ fi rọ́bà de power bank mọ́ ẹ̀yìn fóònù, torí fóònù tó fúyẹ́ ń gbọ̀n wìrìwìrì lọ́nà tí ọwọ́ ènìyàn kì í gbà gbọ̀n. Kí ìran tí wọ́n ti ń sáré má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òòyì á kọ́ òǹwòran, á gbójú kúrò. Iná NEPA wa, 50 Hz ni. Nínú àwọn ìran tí iná wà nìkan, ẹ lo áàpù Open Camera tàbí ìlànà Pro inú fóònù, kí shutter (àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fírémù kan) jẹ́ 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà dúdú á máa gòkè-sọ̀kalẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lójú kan, tí ìlà bá yọ lábẹ́ iná rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gé fídíò, ẹ kọ́kọ́ fi HandBrake, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, sọ ọ́ di constant frame rate, ìyẹn kí iye fírémù rẹ̀ dúró lójú kan. Fóònù kì í ya iye fírémù kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tó bá yá, ẹnu òṣèré àti ohùn rẹ̀ ò ní bára mu mọ́.

Etí_Ọba

Mo bá Kámẹ́ràÌjẹ̀ṣà lọ, àmọ́ ìdajì ẹ̀rù ni ojú ń rí. Ìdajì tó kù ò náwó.

Ẹ yọ orin yẹn. Ta ló ń lù ú nínú ilé náà? Tí ẹ bá fẹ́ orin, kó wá láti ibì kan: ìsọjí ní ìta kejì, rédíò aládùúgbò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa fi wo fíìmù yín, spíkà fóònù kì í sì gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ohùn tó ń bú ní 40 Hz yẹn, ẹni tó bá lo fóònù ò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wọlé: èékánná lára gíláàsì lúfà, ọmọrí ìkòkò tó ń yí lórí sìmẹ́ǹtì, ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá tí wọn ò kìlọ̀ fún pé kó má gbálẹ̀ lóru. Kí aago méjì òru lù, kí gbogbo wọn wà nínú yàrá kan, kí ẹ sì máa gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, ṣáá, ṣáá, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ọ̀nà kejì ni pípe orúkọ. Ká sọ pé Bùsọ́lá àti Túndé wà lára akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yẹn. Kí Bùsọ́lá wà lójú àwòrán, kí Túndé jókòó tì í, kí ohùn Túndé wá pe Bùsọ́lá láti ìta. Ẹ má fi ohùn tó mọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ lù ú jáde nínú spíkà kékeré ní mítà mẹ́jọ sí fèrèsé, kí fóònù tó wà nínú yàrá tún gbà á. Ògiri àti afẹ́fẹ́ á ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe. Bákan náà ni kí ẹ ṣe sí ohùn máìkì àyà: ó sún mọ́ ẹnu jù, kò bá ibi tí kámẹ́rà wà mu. Ẹ fi í pamọ́ fún gbólóhùn tí fóònù ò bá gbọ́ nìkan.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń to ohùn máa ń gbójú fò. Fóònù máa ń fa ohùn sókè fúnra rẹ̀ tí ibi bá parọ́rọ́, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ariwo bá bú. Lẹ́yìn gbàgà! gbogbo nǹkan á rì fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ mímí ẹni tó mú fóònù, tó ń ga sí i. Tí ẹ bá lẹ ariwo mọ́ fídíò lórí kọ̀ǹpútà, tí ìró inú yàrá ò rì, etí ti mọ̀ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ariwo náà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kí ẹnì kan ju ọmọ odó sílẹ̀ nínú yàrá kejì. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kó ariwo àti ìró yàrá sínú compressor kan náà, irinṣẹ́ tó ń tẹ ohùn tó bú mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ratio 8:1, attack 5 ms, release bíi 900 ms.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò sí ibi tó dákẹ́ pátápátá. Ẹ gba ìró òfìfo yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹnikẹ́ni má mí gúlegúle. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni kí ẹ fi ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín. Kó máa dún lábẹ́lẹ̀ ní -30 dB fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, kí ọ̀rọ̀ ẹnu wà ní -12, títí òǹwòran á fi gbàgbé pé ó ń dún. Kó wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó kú. Ohun yòówù tí ẹ bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá ogún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù á bà wọ́n.

AláwíyéÌtàn (Mọ̀dákẹ́kẹ́)

Mo fara mọ́ ti iná àti ti ìgbálẹ̀. Ti kí ìyá kọjú sógiri ni mi ò fara mọ́. Fíìmù Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1999, The Blair Witch Project, ti parí báyẹn, ẹni tó bá fẹ́ràn irú eré yìí á dá a mọ̀ kíá, á ní ẹ jí i.

Kí ló dé tí ẹ ò lo àkúdàáyà? Tiwa ni, kò sì nílò àtíkè. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn máa jiyàn lórí owó ọ̀kadà ní ìkóríta Lágeré ní ìṣẹ́jú kẹta, kí fóònù ṣèèṣì gba ara ògiri kọjá, kí ìwé ìkéde òkú ìyá kan wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, kí ìdajì rẹ̀ má wọ inú àwòrán. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, wọ́n ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá kan nítòsí ilé náà. Ó kí wọn, ó ṣẹ́ owó fún wọn, ó béèrè ilé tí wọ́n wọ̀. Kí ìran yẹn dùn, kí wọ́n bá a ṣeré. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, Bùsọ́lá ń wo gálárì rẹ̀, ó fẹ ìwé ara ògiri yẹn lójú. Kò sí ẹni tó máa fò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Búrẹ́dì yẹn ṣì wà lórí tábìlì.

Kí ìwé náà jẹ́ A3 pẹlẹbẹ, kí òjò ti nà án, kí ìwé mìíràn bo igun rẹ̀ kan, kí aṣọ àti gèlè inú fọ́tò yàtọ̀ sí èyí tó wọ̀ nígbà tó ń ta búrẹ́dì. Ohun kan ṣoṣo ni kó bára mu, bóyá ilà ojú tàbí yẹtí. Ẹ tètè sọ fún òṣèré náà o, ọ̀pọ̀ ò ní gbà kí wọ́n lẹ fọ́tò wọn mọ́ ìwé òkú, wọn ò sì jẹ̀bi. Orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì ya á kúrò lára ògiri lọ́jọ́ náà gan-an.

Nítorí ìwọ̀nyí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ayé gidi: ẹ̀fẹ̀, ìjà lórí ẹni tó máa se ẹ̀wà. Ẹ má kọ gbogbo gbólóhùn fún wọn. Àwọn tó ṣe fíìmù 1999 yẹn máa ń fi ìwé kékeré sílẹ̀ fún òṣèré kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kejì ò gbọdọ̀ kà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí Túndé mọ̀ pé òun máa dìde lóru, kí Bùsọ́lá má mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú eré. Tí ẹnikẹ́ni bá ti pè é, eré dúró, iná á tàn.

ỌmọLágeré

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí. Ti àkúdàáyà yẹn wọ̀ mí lára, a máa tún ìtàn kọ. Ó ku méjì: báwo ni kọ́tìnì ṣe lè mira kí okùn má hàn, àti ẹ̀jẹ̀. Epo pupa ni ẹnì kan ní ká lò.

Ẹ̀yìn_Kọ́tìnì

Ẹ fi epo pupa sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ó máa ń pọ́n bí ọsàn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, kì í sì í kúrò lára aṣọ. Ẹ se ife ṣúgà méjì pẹ̀lú ife omi kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ po síbí ìjẹun kan ògì tàbí kọ́nfúláwà nínú omi tútù, ẹ dà á sí i nígbà tó ṣì ń hó, ẹ máa rò ó. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi síbí ìjẹun méjì àwọ̀ pupa oúnjẹ sí i, pẹ̀lú síbí tíì kan kòkó lẹ́búlẹ́bú tí ẹ ti fi omi gbígbóná pò. Ilẹ̀ kòkó lẹ wà, kò yẹ kó wọ́n yín. Tó bá ṣì ń tàn bí mínírà, ẹ fi kòkó kún un títí á fi dà bí àwọ̀ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ dúdú. Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó kan ara ẹnikẹ́ni, kó má wọ ojú, kí ẹ sì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ilẹ̀ kíá, torí ṣúgà ni, èèrùn àti oyin á dé ṣáájú NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò.

Kọ́tìnì: okùn ìpẹja onínáílọ́ọ̀nù, 0.25 mm. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà fóònù gan-an, okùn á sì tàn padà bí iná. Ẹ fi máákà dúdú pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí kí ẹ lo òwú ìránṣọ dúdú tí kọ́tìnì bá fúyẹ́. Ẹ rán nọ́ọ̀tì irin kan mọ́ etí ìsàlẹ̀ kọ́tìnì kó lè bọ́ padà ní tààrà, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ fà á gba orí ilẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni kí ẹ fà, kó gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá já a gbà, ọwọ́ ènìyàn á hàn níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí kọ́tìnì méjì wà nínú àwòrán, kí ọ̀kan ṣoṣo mira. Láìsí ìkejì, atẹ́gùn ni wọ́n máa sọ pé ó ń fẹ́. Ẹ gbé fóònù ti agolo mílíìkì, kí ẹnikẹ́ni má mú un lọ́wọ́, kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gbọ̀n. Ojú òǹwòran á ti máa wá inú àwòrán kiri fúnra rẹ̀. Kí kọ́tìnì tó máa mira má sì wà láàárín, kó wà létí.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ so okùn mọ́ etí tó jìnnà sí ìdè rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sókè ilẹ̀. Nítòsí ìdè, ó máa wúwo, á sì máa ta pọ́nún-pọ́nún. Kó ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré.

AgboIléWa (Ilé-Ifẹ̀)

Kí ẹ tó gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìyá òru jáde: àwọn ènìyàn adúgbò ò mọ̀ pé eré ni. Ọ̀dọ́ mẹ́rin nínú ilé àtijọ́ lóru, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, ẹnì kan ń ké, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ènìyàn ṣe ògùn owó ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn wọn, igi ni wọ́n á kọ́kọ́ mú kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ lọ rí onílé, ẹgbẹ́ àwọn làǹdìlọ́ọ̀dù, àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín àti Àmọ̀tẹ́kùn, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé, kí ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí dání. Kí àgbàlagbà kan tí àdúgbò mọ̀ jókòó síwájú ilé láti ìrọ̀lẹ́ títí ẹ ó fi parí. Ẹ má gbé ẹbọ sí oríta, ìbáà jẹ́ ayédèrú. Ẹ má wọ igbó òrìṣà láti yàwòrán, kí ẹ sì bèèrè bóyá ọdún kan wà lóṣù náà tí ìrìn òru ò fi gbọdọ̀ wáyé. Tó bá jẹ́ inú ọgbà OAU, ìwé àṣẹ ni o, ẹ má fi ojúlùmọ̀ ṣe é.

Tí ẹ bá fẹ́ fi hàn níta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ NFVCB kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgékúrú tí ẹ máa fi polówó rẹ̀, ẹ kọ "Eré ni" sójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ní ìparí nìkan. Tí ẹnì kan bá gé e sí méjì sórí WhatsApp, ẹbí gidi lè bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ tí kò sọnù.